Píà Àgbádárìgì: Orúkọ Rẹ̀ àti Igi Rẹ̀

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kọ̀wé sí mi pé kí n sọ orúkọ tí Yorùbá ń pe avocado fún òun. Mo ní píà ni. Ó tún kọ̀wé padà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Yorùbá gidi ni mò ń bèèrè." Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ gùn ju ohun tí èèyàn lè tẹ̀ sórí fóònù lọ. Ó sì tún kan ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń jẹ mí lọ́kàn: àwọn igi píà àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé ilé wa létí òkun níbí ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa tí a ń gé wọn kò sì mọ ohun tí a ń gé.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Igi yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí kóró rẹ̀ nínú ihò àpáta Coxcatlán ní ìpínlẹ̀ Puebla, níbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹ ẹ́ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó ń sọ èdè Nahuatl ń pè é ní ahuacatl. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì débẹ̀, ẹnu wọn kò gba ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sọ ọ́ di aguacate. Martín Fernández de Enciso mẹ́nu bà á nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1519. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ó ti wù ú. Aguacate jọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí àwọn ará Sípéènì ń lò fún lọ́yà, ìyẹn avocado, àwọn kan sì ń pe èso náà bẹ́ẹ̀. Àwọn Faransé gbà á, ó di avocat lọ́wọ́ tiwọn. Títí dòní, bí ẹ bá kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ tí ẹ dé Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni Faransé ilé ìwé ń lò fún píà àti fún agbẹjọ́rò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Jàmáíkà ní tiwọn gbọ́ aguacate bí ẹni pé alligator ni wọ́n ń wí. Hans Sloane, dókítà òyìnbó tó ti gbé Jàmáíkà, kọ orúkọ méjèèjì sínú ìwé rẹ̀ ní 1696, avocado tàbí alligator pear. Píà ọ̀nì, bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

Pear fúnra rẹ̀, èso mìíràn pátápátá ni. Igi ilẹ̀ tútù ni, tí kì í tanná dáadáa bí òtútù kò bá mú un fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ́dún. Ìrísí nìkan ló pa àwọn méjèèjì pọ̀; wọn kò tan rárá. Píà tiwa, mọ̀lẹ́bí igi kínámónì ni. (Ẹ rọra fi kínámónì yẹn sọ́kàn, a óò tún bá a pàdé.)

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Nígbà tó yá, àwọn ará Jàmáíkà já alligator sọnù, wọ́n ń pè é ní pear lásán. Lónìí, ẹni tó bá lọ sọ́jà ní Kingston tó ní òun fẹ́ ra pear, avocado ni wọn yóò gbé fún un. Ní Lọ́ńdọ̀nù kọ́ o. Ní Lọ́ńdọ̀nù, pear ni pear, avocado ni avocado. Ẹ wá wo etíkun tiwa. Ní Sàró, pia ni Kíríò ń pè é. Ní Gánà, paya ni. Àwọn Haúsá kò ní p nínú èdè wọn, wọ́n sọ ọ́ di fiya. Yorùbá náà kò ní p ti Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà p tiwa, kp ni ohùn rẹ̀, nítorí náà píà wa ń dún bí p inú Pọ́ọ̀lù àti Pétérù. Ẹ tún wo fáwẹ̀lì inú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé kò ní i nínú pear. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ará Jàmáíkà, pear àti peer ń dún bákan náà, Kíríò Freetown sì ní i yẹn níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohùn nìkan kì í tó ẹ̀rí, mo máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì, àfi bí ìtàn bá ti í lẹ́yìn.

Ìtàn tì í lẹ́yìn. Ní 1800, wọ́n kó àwọn Maroon, ìyẹn àwọn ará Jàmáíkà tí wọ́n ti bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jagun, láti Nova Scotia wá sí Freetown. Àwọn Yorùbá tí ọkọ̀ ojú omi ọba Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú bá wọn níbẹ̀, wọ́n kọ́ iṣẹ́, wọ́n kọ́ Kíríò, wọ́n kọ́ oúnjẹ. Láti nǹkan bí 1839 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, Àgbádárìgì sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Àwọn ni wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ajíhìnrere. Thomas Birch Freeman dé ní Oṣù Kẹsàn-án 1842, Henry Townsend dé ní Oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n sì ṣe ìsìn Kérésìmesì lábẹ́ igi Agia tí ọmọ Àgbádárìgì kankan kò ní ṣàìmọ ìtàn rẹ̀. Ní Oṣù Kìíní 1845, Townsend tún padà dé pẹ̀lú Gollmer àti Àjàyí Crowther. Ọdún yẹn náà ni Gollmer kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn àlejò ń wá yà ní fọ́tò ní Marina.

Lójú tèmi, ẹnu àwọn Sàró wọ̀nyí ni píà gbà wọ inú Yorùbá. Èso náà fúnra rẹ̀ lè gba ọ̀nà púpọ̀ wọlé. Àwọn Àgùdà wà, tí wọ́n ń ti Brazil bọ̀. Ọgbà ewéko tí Gómìnà Moloney dá sílẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ní 1887 wà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pín irúgbìn àjèjì káàkiri. Ṣùgbọ́n ká ní ìwé ìjọba ló fún wa ní orúkọ náà ni, a kò bá máa pè é ní afokádò. Ẹni tó ń sọ "pear" lásán fún avocado, Gẹ̀ẹ́sì ilé Jàmáíkà àti Freetown ló wà lẹ́nu rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àwọn tó ń dáná, tó ń tajà, tó ń gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé.

Àwọn Ìgbò gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ti ní ube tiwọn tẹ́lẹ̀, èyí tó dúdú bí aró tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú àgbàdo, nítorí náà nígbà tí àjèjì dé, ube òyìnbó ni wọ́n pè é. Àwa náà mọ irú ọgbọ́n yẹn, ṣebí ọ̀pẹ̀ òyìnbó kún ọjà. Àmọ́ a kò rí èso kan nínú igbó wa tó jọ píà débi tí a ó fi so òyìnbó mọ́ ọn nídìí. A gba èso, a gba orúkọ, a fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sí i, ó parí. Tí píà kì í bá ṣe Yorùbá, a jẹ́ pé mángòrò kì í ṣe Yorùbá nìyẹn, káṣú kì í ṣe Yorùbá. Ìdáhùn mi sí ọ nìyẹn, ọmọ mi.

Ṣùgbọ́n orúkọ kan ṣoṣo yìí bo nǹkan púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta ni píà. Èkíní wá láti orí òkè Mẹ́síkò: èso rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó lè fara da òtútù. Èkejì wá láti orí òkè Guatemala: èèpo tirẹ̀ nípọn, kò dán. Ẹ̀kẹta ni ti ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ olóoru, èyí tí àwọn ìwé ń pè ní ti West Indies: èso rẹ̀ tóbi, èèpo rẹ̀ ń dán, òróró rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù. Píà àtijọ́ tí ẹ mọ̀ ní àgbàlá ilé ní Àgbádárìgì àti Ajárá, èyí tó ní ọrùn gígùn tó sì ń dán bí ìgò, ẹ̀yà kẹta yìí ni ìrísí rẹ̀ bá mu. Hass tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, kékeré dúdú yẹn, àdàlù Mẹ́síkò àti Guatemala ni. Igi òkè ni baba àti ìyá rẹ̀.

Mo ń gbọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ máa sọ pé píà ilé "ń ṣomi", pé Hass ló dùn. Kò burú, ẹnu ẹni ni ẹni fi ń tọ́ nǹkan wò. Àmọ́ ẹ bi àwọn àgbẹ̀ Ísírẹ́lì léèrè. Omi tí wọ́n fi ń bomi rin oko wọn níyọ̀ díẹ̀, iyọ̀ sì ni ọ̀tá píà. Yóò jó etí ewé rẹ̀ bí ẹni pé iná rà á. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń lo gbòǹgbò ẹ̀yà West Indies, wọ́n ń lọ́ oríṣi tí ọjà fẹ́ sí i lórí, nítorí òun ló fara da iyọ̀ jù. Gbòǹgbò tí wọ́n ń wá ní òkèèrè yẹn ni àwa ń fi kátàpílà hú lẹ́yìnkùlé níbí láti fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì Èkó sí Àgbádárìgì, owó ilẹ̀ ti ga, àwọn ọmọ ń ta àgbàlá bàbá wọn, ẹni tó rà á yóò sì da sìmẹ́ńtì bò ó láti ògiri dé ògiri. Àgbọn ṣì ní ẹni tó ń jà fún un. Ó ti ní oko ńlá láti 1876 tí àwọn Fadá Kátólíìkì ti dá ibùdó sílẹ̀ ní Tọ́pọ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Píà, ẹ̀yìnkùlé ni tirẹ̀. Àwọn ìyá wa ló ń tọ́jú rẹ̀, tí wọ́n ń kó o lọ sọ́jà nínú bàsíà.

Fún ẹni tó bá ṣì ní ilẹ̀ tó ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí n sọ bí igi yìí ṣe ń gbé níbí, torí iyanrìn àti omi wa ní ọ̀rọ̀ tí ìwé àgbẹ̀ Ìbàdàn kò ní sọ fún yín.

Iyanrìn dára fún un, nítorí omi kì í dúró nínú rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé láàárín ọ̀sà àti òkun ni a wà, omi kò jìn sílẹ̀. Ní Oṣù Keje, lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn dé orúnkún níbi tí ẹ fẹ́ gbin ín sí. Bí omi bá sun wá sínú rẹ̀, ẹ má gbin píà sílẹ̀ pẹrẹsẹ níbẹ̀. Ẹ kọ ebè. Ebè gidi ni mò ń wí, kì í ṣe ti iṣu: kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, iyanrìn àti ilẹ̀dú ààtàn tó ti jẹrà dáadáa ni kí ẹ pò pọ̀. Gbòǹgbò tó ń wá oúnjẹ fún píà, òkè ilẹ̀ ni ó ń rìn sí. Nítorí náà ẹ má fi ọkọ́ ro ìdí rẹ̀ láéláé, ọwọ́ ni kí ẹ fi tu koríko. Kí ẹ sì fi ewé gbígbẹ tàbí èèpo àgbọn bo ilẹ̀ náà, ibi tó pọ̀ sí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ara igi ní ìwọ̀n ọwọ́ kan kí ara rẹ̀ má bàa jẹrà.

Ohun tó ń pa á jù lọ, ojú kò rí i. Phytophthora cinnamomi ni orúkọ rẹ̀, ara igi kínámónì ní erékùṣù Sumatra ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá a, wọ́n sì fún un ní orúkọ ní 1922. Ẹ rí i pé ìbátan ń kó àrùn ran ìbátan. Inú ilẹ̀ tó kún fún omi ni ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ kiri láti gbòǹgbò dé gbòǹgbò. Bí gbòǹgbò bá ti ń jẹrà, igi kò lè fa omi mọ́ bó tilẹ̀ wà nínú omi. Ewé rẹ̀ yóò rọ. Onílé á wò ó, á ní òùngbẹ ló ń gbẹ igi mi o, á tún bu korobá omi kan sí i. Ó ti bá a parí rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó bomi rin píà tí ewé rẹ̀ rọ, ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá tutù, omi kọ́ ló ń wá, àlàáfíà ni. Ẹ má sì fi omi kànga tó bá ti ń dùn bí iyọ̀ bomi rin ín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà lápá Gbẹ̀rẹ̀fú níbi tí òkun ti ń mí sí yín lọ́rùn. Afẹ́fẹ́ òkun náà a máa ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, igi tó rọrùn láti dá ni. Ẹ fi ilé tàbí ọgbà àgbọn ṣe ààbò fún un.

Ti ajílẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jóná dáadáa, díẹ̀díẹ̀, lásìkò òjò. Ó tó.

Ewúrẹ́ ńkọ́? Ewé àti èèpo píà ní májèlé kan nínú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní persin. Kò ṣe èèyàn tó ń jẹ èso ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ewúrẹ́ àti ẹyẹ ní jàǹbá, ó sì lè ba ọmú ewúrẹ́ tó ń fún ọmọ lọ́yàn jẹ́. Ẹ má kó ẹ̀ka tí ẹ bá gé fún ẹran ọ̀sìn.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti "akọ píà". Mo ti rí igi mẹ́ta tí wọ́n gé ládùúgbò wa níbí lórí ẹ̀sùn pé akọ ni. Ìbẹ́pẹ ló kọ́ wa ní èyí. Òótọ́ ni, ìbẹ́pẹ ní akọ, ó ní abo, akọ kì í so. A wá gbé òfin ìbẹ́pẹ ka píà lórí. Kò sí akọ píà, kò sí abo píà. Òdòdó píà kọ̀ọ̀kan, akọ àti abo wà nínú rẹ̀, àmọ́ kì í jí pa pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ń ṣí. Lẹ́ẹ̀kíní, abo ni, á padé, nígbà tó bá tún ṣí, ó ti di akọ. Igi wá pín sí ọ̀nà méjì. Ti ẹgbẹ́ A ń ṣí bí abo ní òwúrọ̀, á tún ṣí bí akọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ti ẹgbẹ́ B ń ṣí bí abo ní ọ̀sán, á di akọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bí igi A àti igi B bá wà nítòsí ara wọn, bí ọ̀kan bá ti ń jẹ́ akọ ni èkejì ń jẹ́ abo, oyin á máa gbé lẹ́búlẹ́bú láàárín wọn. Igi tó dá wà lè so, ṣùgbọ́n kì í sábà so púpọ̀.

Ẹ wá ronú sí i. Láyé àtijọ́, àgbàlá kọ̀ọ̀kan ló ní píà. Igi ẹ̀yìnkùlé yìí ń bá ti ẹ̀yìnkùlé kejì ṣe ọkọ àti aya láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Nígbà tí wọ́n gé ti ọ̀dọ̀ aládùúgbò, tiyín dín èso kù. Ẹ wá sọ pé ó ti yàgàn, ẹ gé òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò kan ṣe ń di aláìnípíà.

Sùúrù tún wà níbẹ̀. Píà tí a gbin kóró rẹ̀ lè lo ọdún 5 kó tó so, ó lè lo 10, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá sì tanná, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín ó gbé sókè jù. Igi tó dàgbà lè tan òdòdó tó mílíọ̀nù kan, kì í sì í pé ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún tó ń di èso. Bí ilẹ̀ bá funfun fún òdòdó tó já bọ́, kò sí ẹni tó ń ṣe yín.

Ní ti kóró, ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Bí ẹ bá jẹ píà kan tó dùn tí ẹ gbin kóró rẹ̀, èyí tí yóò hù kì í ṣe píà yẹn. Ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ kì í sì í jọ ìyá délẹ̀délẹ̀. Èso rẹ̀ lè kéré, ó lè tóbi, ó lè korò. Igi kọ̀ọ̀kan tó hù láti inú kóró, òun nìkan ló wà láyé. Ẹ̀yin tí a jọ lọ gba ohùn sílẹ̀ lábúlé nígbà yẹn yóò rántí àwọn ẹ̀ka-èdè tó kù sẹ́nu arúgbó kan tàbí méjì. Nígbà tí a bá padà lọ lọ́dún kejì, a ó bá a pé wọ́n ti sin ín. Píà ẹ̀yìnkùlé náà nìyẹn. Igi tí ìran mẹ́ta ti ń jẹ lórí rẹ̀, bí ẹ bá gé e, ẹ kò lè rí òun gan-an rà níbì kankan mọ́.

Àfi tí ẹ bá lọ́ ọ. Lọ́, ẹ̀yin tó ń ka Bíbélì mọ ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn. Òun ni wọ́n lò nínú Ìwé Róòmù orí 11 fún ẹ̀ka ólífì ìgbẹ́ tí wọ́n so mọ́ ara igi mìíràn. Ìtàn Hass fúnra rẹ̀ fi agbára rẹ̀ hàn. Rudolph Hass jẹ́ apín-lẹ́tà ní California. Ní àwọn ọdún 1920 ó gbin kóró píà kan ní La Habra Heights, kí ó lè fi ṣe ìdí tí òun yóò lọ́ oríṣi mìíràn sí. Ó lọ́ ọ, kò mú. Ó tún un lọ́, kò mú. Ó kù díẹ̀ kó gé e sọnù. Wọ́n fi í sílẹ̀, ó so fúnra rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ tọ́ ọ wò, wọ́n ní èyí dùn ju ti ọjà lọ. Ní 1935 ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí rẹ̀. Gbogbo Hass tó wà láyé lónìí, láti Kẹ́ńyà dé Peru, ẹ̀ka ara igi kan yẹn ni. Igi náà fúnra rẹ̀ kú ní 2002. Àrùn gbòǹgbò kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló pa á.

Ní ọdún kẹta sí ìsinsìnyí, àwọn ọmọ ìyá àgbà kan, Ègùn ni wọ́n, lójú pópó kejì sí tiwa, fẹ́ ta àgbàlá wọn. Igi píà wọn tóbi débi pé èmi àti ẹnìkejì mi kò lè di mọ́ ọn kí ọwọ́ wa pàdé. Mo lọ kí màmá. Mo dọ̀bálẹ̀, nítorí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó gé e, mo fẹ́ já ẹ̀ka díẹ̀."

Wọ́n ní, "Púròfẹ́sọ̀, ewé rẹ̀ lẹ fẹ́ fi ṣe oògùn ni?"

Mo ní rárá, mo fẹ́ lọ́ ọ ni. Mo ṣàlàyé. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ìyá ọkọ àwọn ló gbin ín, pé àwọn bá a níbẹ̀ nígbà tí àwọn wọlé bí ìyàwó. Wọ́n ní kí n já a, ṣùgbọ́n kí ọ̀kan padà wá sọ́dọ̀ àwọn níbikíbi tí àwọn ọmọ bá kó àwọn lọ.

Bí a ṣe ṣe é nìyí, kí ẹ̀yin náà lè ṣe é. Oṣù mẹ́ta ṣáájú, mo ti gbin kóró píà ilé méjìlá sínú báàgì dúdú, láìjẹ́ kí kóró náà gbẹ, kí ibi tó fẹ̀ nídìí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ṣóńṣó orí rẹ̀ yọ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n nípọn tó pẹ́ńsù, a lọ já orí ẹ̀ka tó ti gbó, tó nípọn bákan náà, tí ojú rẹ̀ ti wú ṣùgbọ́n tí kò tí ì là. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni, a sì fi aṣọ tútù wé e. A ré ewé rẹ̀ kúrò. A bẹ́ orí igi kékeré, a fi bíléèdì tuntun là á láàárín, a gbẹ́ ìdí ẹ̀ka ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ẹnu àáké, a kì í bọ ibẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí èèpo pàdé èèpo, ó kéré tán ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ibi àwọ̀ ewé tó wà lábẹ́ èèpo ni wọ́n ti ń dì mọ́ra. A fi náílọ̀n tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ dì í le, a da náílọ̀n píọ̀ wọ́tà bò ó lórí kí ó má bàa gbẹ, a gbé gbogbo wọn sábẹ́ òjìji. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún, èyí tó mú yóò rúwé. Èyí tí kò mú yóò dúdú.

Méjìlá la lọ́, márùn-ún ló mú. Fún ọwọ́ onímọ̀ èdè, mo rò pé kò burú. Wọ́n gé igi ńlá náà kí ọdún náà tó parí. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún wà lọ́dọ̀ màmá báyìí, ní ilé ọmọ wọn obìnrin lọ́nà Ìbẹrẹ̀kódó. Mo gbé méjì fún ilé ìwé kan tó ní àyè, kí wọ́n lè wà nítòsí ara wọn àti nítòsí píà mìíràn tó ti wà níbẹ̀. Ẹnìkan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi wá gba ìkẹrin. Ìkarùn-ún wà lọ́gbà wa lórí ebè, ó ti ga dé èjìká mi. Ewúrẹ́ aládùúgbò kan ti jẹ ọ̀mùnú orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìka ọ̀rọ̀ persin sí, ó sì tún rúwé, mo wá fi ọparun yí i ká.